Kí ni agbẹ̀bí ń lọ ṣe níbi tí ìbọn ti ń dún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Àbúrò mi obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. Iléeṣẹ́ aṣèrànwọ́ kan ti gbà á síṣẹ́ ní Maiduguri, wọ́n sì ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn nínú Borno. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyá wa ò ti jẹun kánú. Ohun tí kò yé èmi náà ni pé, níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn, ṣé kì í ṣe sójà àti dókítà oníṣẹ́ abẹ ni wọ́n nílò? Kí ni agbẹ̀bí fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ kó mílíìkì ọmọ ọwọ́ lé e lọ́wọ́ fún àwọn ọmọ inú àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? (Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí, Ṣàgámù)

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí Màámi yín. Ẹkún tí wọ́n ń sun yẹn, ìyá tèmi náà sun ún lọ́dún 2016 nígbà tí mo di ẹrù mi lọ sí Borno, mi ò sì ní sọ pé kò nídìí. Màá dé orí ọ̀rọ̀ ewu. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti sójà àti agbẹ̀bí, torí ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bi mí nìyẹn, títí kan àwọn dókítà tó yẹ kí wọ́n mọ̀.

Lójú ogun, ọ̀nà tó dí ń pa obìnrin àti ọmọdé ju ìbọn lọ. Ní 2021, UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣírò iye ẹ̀mí tó bá ogun Boko Haram lọ ní Borno, Yobe àti Adamawa títí di ìparí 2020. Wọ́n ní ó tó nǹkan bí 350,000. Àwọn tí ìbọn àti bọ́ǹbù pa gan-an kò ju nǹkan bí 35,000 lọ. Ebi, ìgbẹ́ gbuuru, ibà, èéyi àti àìríbi gba ìtọ́jú ló pa gbogbo ìyókù, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Bí ìbọn bá pa ẹnì kan, ẹni mẹ́sàn-án mìíràn ń kú lẹ́yìn rẹ̀ láìsí ariwo.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Àgbẹ̀ kò lè dé oko, torí oko ti bọ́ sẹ́yìn yàrà tí àwọn sójà gbẹ́ yí ìlú ká. Ọjà tú. Ìyá tó lóyún ń jẹ túwó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ń fà wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ìlú ti sá lọ sí Maiduguri. Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ti kú torí kò sí epo. Nígbà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, yẹ àwọn ibi ìwòsàn Borno wò ní ìparí 2016, wọ́n lé ní 700, ìdá kan nínú mẹ́ta ló sì ti bà jẹ́ kanlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ìyókù sì ti bà jẹ́ lápá kan. Tí èéyi bá wá wọ irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́, tí kò jẹun kánú, tí kò sì níbi tí wọ́n lè gbé e lọ ló máa bá níbẹ̀. Èéyi tí ọmọ Ṣàgámù máa ń là já, ó lè pa ọmọ Bama.

Bama ni mo dárúkọ yẹn, ìlú kan ní Borno ni. Ní oṣù kẹfà 2016, àwọn dókítà MSF, àjọ àwọn dókítà tí kì í wo ààlà orílẹ̀-èdè, rí ọ̀nà dé ibẹ̀. Nǹkan bí 24,000 èèyàn ló há sínú àgọ́ kan, inú ọgbà ilé ìwòsàn sì ni àgọ́ náà wà. Wọ́n ka sàréè 1,233 tí wọ́n gbẹ́ lẹ́bàá ibẹ̀ láàárín ọdún kan. Ọmọdé ló wà nínú 480 nínú wọn. Sójà wà ní Bama lásìkò yẹn. Sójà ò lè wo ìgbẹ́ gbuuru sàn.

Okùn ni ohun èlò àkọ́kọ́ tí àbúrò yín máa mú dání níbẹ̀. Okùn rọ́bà pẹlẹbẹ kan ni, ó ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti pupa. A máa ń fi í yí apá òsì ọmọ ká, láàárín èjìká àti ìgúnpá. Tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 12.5 lọ, ọkàn wa balẹ̀. Tó bá wà láàárín 11.5 sí 12.5, ebi ti ń bá ọmọ náà jà. Tí kò bá tó 11.5, okùn á dúró sójú pupa, ikú sì ti ń wo ọmọ náà lójú. Mo rántí ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì kan tí ìyá rẹ̀ pọ̀n wá. Okùn rẹ̀ dúró sí 9.8. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ mi ká apá náà, wọ́n pàdé, wọ́n tún lé díẹ̀. Mo tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, mo ń wò ó bóyá omi ti wọ ara rẹ̀. Kò sómi. Ìyá rẹ̀ fọ ọwọ́, ó ya etí sáṣẹ́ẹ̀tì, ó fi ẹ̀pà lílọ̀ inú rẹ̀ kan ètè ọmọ. Ọmọ yí ojú kúrò. Gbogbo wa tó wà lábẹ́ tápólì yẹn dákẹ́. Ìyá náà tún fi kàn án. Ahọ́n yọ, ó lá a. Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín, kò sunkún, ó kàn wí fún mi lédè Hausa pé, “Ta ci.” Ó ti jẹun.

Ọmọ tó bá ṣì lè jẹun, tí àrùn mìíràn tó le kò sì sí lára rẹ̀, ilé ni yóò ti gba ìtọ́jú, wọ́n á kàn máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó mú kéyìí ṣeé ṣe ni sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn: ẹ̀pà lílọ̀, mílíìkì ẹlẹ́bú, ṣúgà, òróró àti àwọn èròjà afáralókun, gíráàmù 92, kálórì 500. Kò fẹ́ iná, kò fẹ́ omi, kò tètè bàjẹ́ nínú oòrùn Borno. Àwọn àgbà wa tó rí ogun Biafra láàárín 1967 sí 1970 mọ ọmọ tí mò ń sọ, ọmọ kwashiorkor tí irun rẹ̀ pọ́n, tí ikùn rẹ̀ yọ síta. Wọn ò ní sáṣẹ́ẹ̀tì yìí nígbà náà. Àwa ní in, ìdí nìyẹn tó fi dùn mí wọra pé lóṣù keje 2025 ni WFP, àjọ oúnjẹ àgbáyé, kéde pé àwọn fẹ́ ti ibi ìtọ́jú ọmọ tí ebi ń pa tó lé ní 150 ní Borno àti Yobe, torí owó ìrànwọ́ ti tán. Ju 300,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ni wọ́n ní ìtọ́jú máa bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá ń bi mí pé kí ló ń pa ọmọ lójú ogun, ẹ ka irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ kún un.

Ti ìbímọ ló wá kan iṣẹ́ àbúrò yín gan-an. Oyún ò mọ̀ pé ogun ń jà. Ó pé oṣù mẹ́sàn-án, ó ń bọ̀. Láti 2011 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà ní Maiduguri, torí orí rẹ̀ ni àwọn agbébọn ti máa ń wá pààyàn. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà yẹn náà ló ń gbé aláboyún lóru. Ẹ wá fi òfin kónílé-ó-gbélé kún un, tí kẹ̀kẹ́ NAPEP pàápàá ò fi lè yọjú. Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí láago mẹ́sàn-án alẹ́ ní láti dúró di ìdájí, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbí lè kú láàárín wákàtí méjì. Ní ibi ìwòsàn kan tí mo ti bá wọn ṣiṣẹ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ti géètì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan a bá obìnrin kan lẹ́yìn géètì yẹn, ó ti bímọ sórí ìborùn rẹ̀, ọmọ náà ń mí, òun náà ń mí. Ọpẹ́ ló yẹ kí n dá, ìbínú ni mo sì bá wọlé. Lọ́sẹ̀ náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í sùn síbẹ̀ ní méjì méjì.

Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ agbẹ̀bí lójú ogun, kó gbé ìtọ́jú sún mọ́ obìnrin débi tí òru, yàrà àti sójà ojú ọ̀nà ò fi ní lè dí i. A máa ń fún ẹni tí oyún rẹ̀ ti dàgbà ní àpò kékeré kan lọ sílé: rọ́bà tí wọ́n máa tẹ́, ọṣẹ, abẹ tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò, òwú tí wọ́n fi ń so ìwọ́, ìbọ̀wọ́, àti aṣọ tí wọ́n á fi nu ọmọ gbẹ. Abẹ tuntun yẹn nìkan, ó ń gba ọmọ lọ́wọ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Oògùn oxytocin tí a ń lò láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró ń fẹ́ ibi tútù, iná ìjọba sì lè lọ fún oṣù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Torí náà misoprostol ni a máa ń gbé ka ara wa, hóró mẹ́ta, ó lè wà nínú àpò láìsí fíríìjì. Ẹ̀yìn tí ọmọ bá jáde tán ni wọ́n ń lò ó, lẹ́yìn tí a bá ti fọwọ́ tẹ ikùn wò dáadáa pé kò sí òmíràn nínú. Àwa tí a ti ilẹ̀ Táíwò àti Kẹ́hìndé wá kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn.

Ẹ bá mi sọ fún un pé kó má lé àwọn ungozoma sẹ́yìn. Àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan máa ń fojú dí wọn, èmi gbà pé àṣìṣe ńlá ni. Obìnrin tó fẹsẹ̀ rìn ní òru mẹ́rin kúrò ní abúlé rẹ̀, ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé láyé kò ju ìyá àgbà tí wọ́n jọ sá lọ. Bí ìyá àgbà yẹn bá sọ pé “Ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì,” yóò tẹ̀ lé e. Bó bá ní ká má lọ, ẹ̀kọ́ tí àbúrò yín kọ́ níléèwé ò ní bá a dé ẹnu ọ̀nà ahéré.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó wúwo lẹ́nu mi, mi ò sì ní fò ó. Àwọn obìnrin máa ń jáde kọjá yàrà lọ ṣẹ́gi ìdáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fipá bá wọn lò pọ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú àgọ́ náà, lọ́nà ṣálángá tí kò níná. Ẹni tó bá tètè dé ọ̀dọ̀ wa kí wákàtí 72 tó pé, oògùn ọjọ́ 28 lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ HIV. Kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, oògùn wà tí kò ní jẹ́ kó lóyún. Ṣùgbọ́n ta ló máa dìde lójú gbogbo èrò lọ sí yàrá tí wọ́n kọ “ìfipábánilòpọ̀” sára ilẹ̀kùn rẹ̀? Yàrá tí a ti ń wo gbogbo obìnrin ni ká ti wo òun náà, ká ti ilẹ̀kùn, ká má bi í léèrè ọ̀rọ̀ níwájú ẹnikẹ́ni. Bákan náà, iná lẹ́nu ọ̀nà ṣálángá, ìdábùú tó ṣeé ti láti inú, àti sítóòfù tí kì í jẹ igi púpọ̀, ètò ìlera ni gbogbo wọn. Àbúrò yín á tún rí ọmọbìnrin tó ti ìgbèkùn dé pẹ̀lú oyún, tí àwọn ará àgọ́ ń pè ní ìyàwó Boko Haram, tí wọn kì í sì í bá a jókòó. Bó ṣe ń gbẹ̀bí ìyàwó olóyè ni kó gbẹ̀bí rẹ̀.

Ó ku ti mílíìkì. Ọlọ́run á san àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yín lóore, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́. Mílíìkì agolo ń fẹ́ omi tó mọ́, ń fẹ́ iná láti se omi náà, ń fẹ́ ìgò tí wọ́n fọ̀ dáadáa ní ìgbà mẹ́jọ lójúmọ́. Nínú àgọ́ tí ogójì ìdílé ti jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan, kò sí èyí tó rọrùn níbẹ̀. Ìyá á fi omi kún un kó lè pẹ́, ọmọ á máa mu omi funfun tí kò lágbára, ìgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2017, onígbáméjì jà ní àgọ́ Muna Garage àti àyíká rẹ̀ títí tó fi wọ èèyàn tó lé ní 5,000 lára ní Borno. Lójú irú omi bẹ́ẹ̀, ọyàn ìyá nìkan ló mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, tí ọmọ bá ti ń mu ìgò, ọyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí agolo bá sì tán lọ́sẹ̀ kẹta, kò ní sí ibi tí wọ́n á padà sí. Wọ́n á sọ fún yín pé ìyá tí ebi ń pa kò lè ní omi ọyàn. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ni kẹ́ ẹ bọ́, yóò bọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú ńkọ́? Ẹlòmíràn lè fún un lọ́yàn, tí kò bá sì sí, àwọn onímọ̀ inú àgọ́ ló máa fún un ní mílíìkì, tí wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra agolo yẹn, ẹ fi ra ọṣẹ, páàdì tàbí aṣọ nǹkan oṣù tó ṣeé fọ̀, bàtà sílípáàsì, tọ́ọ̀ṣì oníná oòrùn, àti kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí. Mo ti rí ọmọge mẹ́ta tó ń pín aṣọ nǹkan oṣù kan ṣoṣo lò. Ẹnikẹ́ni ò rántí wọn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tún jẹ́ ibi tí ogun ti lè fún ọmọdé láyè díẹ̀, bí àwọn tó ń jà bá fẹ́. Ní El Salvador lọ́dún 1985, ìjọba àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ dá ìbọn dúró fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n lè fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́. Ní Borno, ẹnikẹ́ni ò dá ìbọn dúró fún wa bẹ́ẹ̀. Lóṣù kẹjọ 2016, lẹ́yìn ọdún méjì tí a ti rò pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti tán, ó tún yọjú lára àwọn ọmọ Borno, torí ọ̀pọ̀ abúlé wà tí oògùn àjẹsára ò dé. Àwọn fijilanté àti sójà ló gbé oògùn náà dé ọ̀pọ̀ ibẹ̀, àwọn mìíràn ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ọjà de àwọn tó ń ti inú igbó bọ̀. Ó ṣiṣẹ́: ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ nígbàkígbà tí sójà bá gbé àpótí abẹ́rẹ́. Ẹni tó kórìíra sójà á kórìíra abẹ́rẹ́, ó sì lè má mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn nígbà tó bá rí nọ́ọ̀sì.

Ìyẹn ló gbé wa dé orí ẹkún Màámi. Òfin wà. Àdéhùn Geneva kẹrin ti 1949 ní aláboyún, aláìsàn àti ẹni tó fara gbọgbẹ́ gbọ́dọ̀ rí ààbò àrà ọ̀tọ̀, ó sì ní kí wọ́n yọ̀ǹda ọ̀nà fún oúnjẹ, aṣọ àti oògùn agbára tó jẹ́ ti àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 àti ti àwọn aláboyún. Nàìjíríà ti sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ wa láti 1960. Síbẹ̀ ní oṣù kìíní 2017, ọkọ̀ òfúrufú ológun wa ju bọ́ǹbù sí àgọ́ tó wà ní ìlú Rann ní Borno, wọ́n ní àṣìṣe ni. Òṣìṣẹ́ Red Cross mẹ́fà wà lára àwọn tó kú. Rann yìí náà ni Boko Haram wọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2018, tí wọ́n jí obìnrin mẹ́ta gbé: Saifura Khorsa àti Hauwa Liman, agbẹ̀bí Red Cross, àti nọ́ọ̀sì Alice Loksha. Wọ́n pa Saifura lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n pa Hauwa lóṣù kẹwàá. Ọmọ ọdún 24 ni Hauwa. Alice lo ọdún tó lé ní mẹ́fà kó tó bọ́. Mo kọ orúkọ wọn síbí torí agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì ni wọ́n, iṣẹ́ tí àbúrò yín fẹ́ lọ ṣe ni wọ́n ń ṣe, mi ò sì lè pa irọ́ fún ìyá tó ń sunkún.

Torí náà, kó tó fọwọ́ síwèé, kó bi àwọn agbanisíṣẹ́ rẹ̀ léèrè láìtijú. Ta ló ní àṣẹ láti sọ pé ó tó, ẹ jẹ́ ká kúrò nílùú? Ibo ni wọ́n máa sùn, báwo ló sì ṣe jìnnà sí bárékè sójà tó? Tí hẹlikópítà bá wá kó àwọn òyìnbó, ṣé àyè ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀? Ta ló máa pe ìyá rẹ̀, ta ló máa san owó ìtọ́jú rẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ ló ń kú jù nínú iṣẹ́ yìí, nígbà mìíràn ìwé wọn ló sì máa ń fúyẹ́ jù. Bí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ po lórí èyíkéyìí nínú wọn, kó dá ẹrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn wà ní Maiduguri fún agbẹ̀bí tó dáńtọ́.

Bí ìdáhùn wọn bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó mú tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí dání, torí èèyàn kì í lè fi ọwọ́ kan di tọ́ọ̀ṣì mú kó fi ìkejì gbẹ̀bí. Kó kọ́ Hausa díẹ̀ kó tó lọ, kó sì wá ẹni tó gbọ́ Kanuri jókòó tì í, torí ọ̀pọ̀ obìnrin tó máa bá pàdé ò gbọ́ Hausa dáadáa. Kó máa pe Màámi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, kó sì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ó lè lọ fún ọ̀sẹ̀ kan. “Yi nishi” ni wọ́n ń wí fún obìnrin tó ń rọbí pé kó tì í. “Sannu” ni wọ́n ń kí i pẹ̀lú kó tó bí, nígbà tó bá ń bí, àti lẹ́yìn tó bá bí tán. Kó fi “Sannu” bẹ̀rẹ̀.